Ẹnu Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Inú ń bí Ọ̀gá Alámọ̀ débi pé àtẹ̀gùn ilé náà ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá húkọ́ nílé ìwòsàn eyín, nọ́ọ̀sì á ti gbé omi dé, òun ló ń gun òkè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtà lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lábíyá. Ó wọ gíláàsì dúdú, ó fa fìlà bo iwájú orí kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Atúnbàtà tó jókòó nísàlẹ̀ kàn gbójú sókè lórí ìṣó tó ń kàn.

"Dókítà, ẹ káàsán o. Òkè ni, yàrá ọwọ́ ọ̀tún."

Baba Oníkọ́kọ́rọ́, oníṣègùn tí wọ́n júwe fún un, kò jọ ohun tó ti ń rò bọ̀ lọ́nà. Kò sí ìyẹ́, kò sí agbárí, kò sí èéfín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gún régé ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ṣùgbọ́n ògiri yàrá náà kún fún àgádágodo láti òkè délẹ̀: ńlá, kékeré, tuntun, èyí tó ti dípẹtà. Gbogbo wọn ló wà ní títì, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ kankan nítòsí. Nígbà tí Ọ̀gá pa ilẹ̀kùn dé, ó dà bí ẹni pé àwọn irin náà mí kanlẹ̀.

"Ẹnu ta lẹ gbé wá?" Baba Oníkọ́kọ́rọ́ kò tiẹ̀ kí i.

Ọ̀gá tú ọ̀rá náà. Eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ẹfun ṣe bọ́ sórí tábìlì, funfun báláú, wọ́n ń ṣí eyín sí àwọn méjèèjì.

"Ẹnu ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́ eyín, ara wọn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ọ. Ẹnìkan á ya ẹnu, ẹnìkejì á ki amọ̀ tútù bọ̀ ọ́ títí yóò fi gan. Bí wọ́n bá yọ amọ̀ náà, wọ́n á da ẹfun pípò síbi tí eyín ti tẹ̀ ẹ́, ẹnu èèyàn á sì dúró lórí tábìlì láìsí èèyàn nídìí ẹ̀. Ọ̀gá kì í da ọ̀kankan nù. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó kọ́ rí ti ń ṣí eyín sí i láti àárọ̀ dalẹ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àgbà dókítà eyín kan nílùú tí ẹnu rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún àlejò pé ìrántí ni. Ìrántí náà ló gbé wá sókè atúnbàtà yìí.

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Kí ni kò ṣe! Ó gbé ẹ̀rọ dé! Ọ̀pá kan báyìí, iná ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Á tì í bọ ẹnu aláìsàn, á máa fi ya àwòrán ẹnu náà kiri, eyín á wá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí amọ̀, kò sí ẹfun, wọ́n ní iṣẹ́ nìyẹn! Wọ́n wá ń pè é ní Oníná, inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ síbẹ̀ o. Ó ń kiri ilé ìwòsàn, ó ń bi àwọn àgbà dókítà eyín léèrè bí ọlọ́pàá: ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ yìí? Ṣé ẹ ti fọwọ́ ara yín lò ó rí? Ó ní òun máa sọ gbogbo ohun tí wọ́n wí lójú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, pé ẹni tó bá ní òun ti lò ó, kó jáde wá fi han ayé."

"Kí lẹ̀yin wí nígbà tó bi yín?"

Ohùn Ọ̀gá rọlẹ̀. "Mo ní mo ti lò ó títí ó fi sú mi."

"Ṣé ẹ ti lò ó ni?"

"Mo ti jókòó lórí àga rẹ̀."

Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, Oníná kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ti ń wo ẹnu, ẹnu yín ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀." Inú Ọ̀gá dùn sí ìkúnlẹ̀ náà ju ẹ̀rọ lọ. Ó jókòó, ó ya ẹnu, ó di ojú pinpin. Nígbà tí wọ́n ní kó wá wo eyín rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó gbọn ara nù. "Èmi kì í wo tẹlifíṣọ̀n níbi iṣẹ́." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọn kò bá da ẹfun sí, kò sí láyé. Bí wọ́n bá ti pa iná ọ̀pá náà, àwòrán ẹnu tó yà ti bá iná lọ.

Baba Oníkọ́kọ́rọ́ fi ìka kan tọ́ eyín ẹfun náà. "Kí lẹ fẹ́ kó ṣe é?"

"Kó má lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Mi ò ní kó kú o!"

"Ẹ̀yin dókítà. Àánú yín mà pọ̀." Ó mú òwú dúdú jáde, ó fi di òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ó ń wé e, ó ń wé e, ó sì ń sọ ohun kan tí etí Ọ̀gá kò gbà. Ara ògiri, àgádágodo kan mì díẹ̀. Fèrèsé wà ní títì. Atẹ́gùn kò sí.

*

Nílé ìwòsàn, Oníná dúró ti aláìsàn kan, ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ ya ẹnu." Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dún kẹ́, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì tí nǹkan há a. Ó tún un gbìyànjú. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹran tútù.

Aláìsàn wò ó. "Dókítà, ṣé ẹ̀yin ló yẹ kí n ya ẹnu fún ni, àbí èmi ló yẹ kí n wo tiyín?"

Ó rìn lọ síbi omi, ó tu itọ́. Itọ́ náà funfun, ó nípọn, ó ń ta òórùn ohun tí kò fi sẹ́nu mọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹfun ni. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn ẹ̀rù, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Ọjọ́ ìpàdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ti sọ ọ́ láìfibò: bí ẹgbẹ́ àwọn àgbà dókítà eyín bá ní ẹ̀rọ náà kò wúlò, wọ́n máa dá a padà fún ẹni tó tà á, kí gbogbo ẹnu padà sínú amọ̀. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò pọ̀, àwọn tó pọ̀ ń bẹ̀rù Ọ̀gá.

Nígbà tí Oníná délé, ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fẹ̀yìn tì. Bó ṣe gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń fà bí ẹni tó mutí, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ náà.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́nu?"

"Mọ́mì, ẹfun ni mò ń tọ́ wò. Páárì mi ò gbọ́ràn."

Ìyá náà di àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ mú, ó wo ẹnu náà. Òun náà ní ohun tó bá amọ̀ jọ ní. Ọ̀gá ló ki amọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ kan tó lọ ṣe eyín iwájú. Amọ̀ yọ́ lọ sí ọ̀fun rẹ̀, kò rí èémí fà, ó ń na ọwọ́, ó ń janra mọ́ àga, ó sì bì sára aṣọ ara rẹ̀. Ọ̀gá di orí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ kì í ṣe ọmọdé, ẹ mí nímú!" Láti ọjọ́ náà, kò ya ẹnu fún dókítà mọ́, tó fi kan ọmọ tó bí. Bó bá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á lọ bo àlàfo iwájú náà. Nítorí ìyẹn ni Oníná ṣe wá ẹ̀rọ náà kiri.

"Ta ló ní ẹnu rẹ lọ́wọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í níkẹyìn.

"Ẹ̀n?"

"Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ṣe ẹsẹ̀, ipasẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ṣe ẹnu ńkọ́? Ronú. Ta ló ní ẹnu rẹ lọ́wọ́?"

Ọmọ náà dìde láìgba omi mu.

*

Kò kan ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan ti tó ogun ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Alámọ̀.

"Ṣé ọjà ni ibí?" Ọ̀gá fi ìwé ìròyìn bo ohun kan lórí tábìlì.

Oníná ti dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹnu wà ní àyè wọn, eruku wà lórí gbogbo wọn. Àyè tirẹ̀ nìkan ló ṣófo, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ roboto. Ó yí padà, ó gbọn ìwé ìròyìn dànù. Eyín ẹfun rẹ̀ nìyẹn, òwú dúdú yí i ká bí ọmọ tí wọ́n dì fún ìsìnkú.

"Ọ̀gá, kí lèyí?" Ọ̀rọ̀ ń ṣọ́ra jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó, ó fẹ́ là ni. Mo dì í kó má baà là. Ìrántí ni."

"Ìrántí ta ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń pariwo mọ́? Ìgbà tó o wọlé síbí, o ò mọ eyín ẹ̀yìn yàtọ̀ sí eyín iwájú! Ta ló fi ọ̀nà hàn ẹ́? Ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa máa tọ́ ẹfun wò?" Ó gbé ẹnu ẹfun náà sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀. Ẹfun fọ́n ká gbogbo ilé. Òwú já. Páárì rẹ̀ dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ sì tú jáde bí omi tó ja ẹ̀bá odò. "Ẹ lọ wá òmíràn! Ẹnu mi ò sí níbí mọ́! Eyín mi ò tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, mo ti tò wọ́n, mo ti yọ ti ẹ̀yìn! Inú ẹ̀rọ ni ẹnu mi wà, ibi tí amọ̀ yín ò lè dé láéláé!"

Ó já ilẹ̀kùn gbà jáde.

Ọ̀gá dúró láàárín ẹfun fífọ́. Ìbínú bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, nǹkan mìíràn yọ lójú rẹ̀.

"Inú ẹ̀rọ," ó tún un sọ. "Inú ẹ̀rọ."

*

"O sọ fún un?" Ìyá Oníná fi ọwọ́ lu itan. "Orí mi o! O gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ olè, o tún fi ilé ìdáná hàn án!"

"Inú bí mi, Mọ́mì."

"Inú ò bí èmi? Èmi tí wọ́n bu amọ̀ fún jẹ! Ọ̀nà ni wọ́n ń fi inú bíbí wá, wọn kì í fi ṣe ìkéde. Wá lọ pa á rẹ́, kó tó dé ibẹ̀."

Oníná sáré padà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, àwọn aláìsàn ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà náà gùn lójú rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹnu yọ lọ́pọ̀lọpọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan lókè, orúkọ òun tó yà á nísàlẹ̀. Ó wá tirẹ̀ rí, ó pa á rẹ́ títí kò fi sí àmì kankan mọ́.

Ó kù díẹ̀ kó pa iná nígbà tó rí ẹnu kan tí àyè orúkọ aláìsàn rẹ̀ ṣófo. Orúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dókítà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rántí. Ẹnu Ọ̀gá ni. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ bi í ní orúkọ aláìsàn, orúkọ lásán ló sì fẹ́. Kò gba Ọ̀gá, kò gba Bàbá, kò gba oyè kankan. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà kó kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ṣákálá bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi àyè náà sílẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìparẹ́. Ó dúró. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú náà, wọ́n kì í pa ẹnu ọ̀gá ẹni rẹ́. Ó pa iná, ó lọ.

Nílé, ìyá rẹ̀ mú kóòtù funfun rẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé. Ó ki abẹ́rẹ́ kan sínú ìṣẹ́po etí aṣọ náà, ó rán an mọ́bẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun, ó sì mí ọ̀rọ̀ kan sí i.

"Kí lẹ wí sí i?"

"Ọ̀rọ̀ aránṣọ ni. Ẹni tó bá ń rán ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó rán an mọ́ aṣọ ara rẹ̀. Má yọ ọ́ o."

*

Ìgbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ jẹun ni Ọ̀gá wọ yàrá Oníná. Ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà wà nígun ilé, ọ̀pá rẹ̀ fì sílẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ń wò ó. Ó bá ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sí i: "Èmi ò bẹ̀rù rẹ."

Ó tẹ ibì kan, ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ó tẹ ibòmíràn, ẹnu tú jáde bí ẹyẹ. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Ó tún bí i nínú. Ó ń wo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: aláìsàn, aláìsàn, aláìsàn. Ó wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tí kò ní orúkọ aláìsàn kankan. Orúkọ Oníná nìkan ló dúró níbẹ̀ gedegbe.

"Ọwọ́ bà ẹ́," ni Ọ̀gá wí.

Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "tẹ̀ ẹ́ jáde" sí. Nígun yàrá, ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń sọ àwòrán di eyín tó ṣeé dì mú, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, eyín sì ń hù nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, bí eyín ọmọdé. Ara Ọ̀gá bù máṣọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń kùn ni eyín tirẹ̀ náà ń kùn, ó rò pé òtútù ni.

Nígbà tó parí, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó bí onímọ̀ ṣe ń wò. Ẹ̀rín ìkà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wo ẹnu Oníná, bí ẹnu arúgbó! Ó ní òun ti tò wọ́n, eyín iwájú ṣì dagun bí ògiri tí òjò na. Tọ̀tún lẹ́yìn ti lọ. Ẹ wo orí wọn bó ṣe jẹ pẹlẹbẹ: ẹnu ẹni tó ń payín keke nítorí ire ẹlòmíràn nìyí. Kò lè rí oorun sùn, ó ń jowú ni. Ọmọ yìí mà ti bàjẹ́ tipẹ́!"

Iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ sókè nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa. Kò sí èyí tó ṣì wí nínú gbogbo rẹ̀, àfi ẹni tó ni ín.

*

Baba Oníkọ́kọ́rọ́ gba eyín tuntun náà. Ó wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹnu Ọ̀gá. Ó tún wo eyín náà.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹnu tẹ́ ẹ fẹ́ tì nìyí?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní eyín?" Ọ̀gá lu tábìlì. "Ìwọ tó jẹ́ pé orí bàtà lo ń gbé! Mo kọ́ eyín nílé, mo kọ́ ọ lókè òkun! Èmi ni mò ń sọ ẹnu tó jẹ́ ẹnu!"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó tì o, Dókítà. Tèmi ò ju kí n tì í lọ. Ẹnu tó bá ń bínú ló máa ń yá tì jù." Ó fa àgádágodo kan yọ lára ògiri, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó ṣí i, ó fi àwọn méjèèjì lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ ní ọfọ̀ rẹ̀. "Bó bá ti ń gun orí pèpéle, ẹ fi kọ́ àárín òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ wí ohun tí mo kọ́ yín, kí ẹ tì í. Kọ́kọ́rọ́, ibi tí omi á ti gbé e lọ ni kí ẹ jù ú sí. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnu kì í ṣe ẹrú tí wọ́n ń pè lórúkọ. Ẹnu mọ ẹni tó ni ín."

Ọ̀gá ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Dókítà," ni atúnbàtà wí. "Ẹ rọra máa tẹlẹ̀ o, bàtà yín ń ké."

*

Gbọ̀ngàn ìpàdé kún. Gbogbo ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá ló ti jókòó, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń wo aṣọ ara wọn láti òkè délẹ̀. Ìyá Oníná wà lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu.

Wọ́n pe Oníná. Ọ̀gá dìde wọ́ọ́rọ́, ó gba ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó yọ eyín náà jáde nínú báàgì. Àgádágodo tutù bí ẹja. Ó fi kọ́ ọ. Ó fi ìbínú wí pé:

"Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kì í dá ara rẹ̀ ṣí. Ìgbín tó wọ ìkarahun kì í kọrin. Òkúta inú odò kì í dá sí ẹjọ́ ẹja. Ìwọ ẹnu tó wà lọ́wọ́ mi yìí, bí ọ̀rọ̀ bá dé bá ọ, di ìgbín. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, di òkúta."

Ó tì í. Kẹ́.

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú ihò, ó fa omi. Omi ké, ó gbé e lọ. Ó wo dígí, ó tún fìlà ṣe, ó sì padà sí gbọ̀ngàn láti wá wo ẹni tó di odi.

Ẹnìkan tó kọ́ níṣẹ́ kí i lẹ́nu ọ̀nà: "Ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀ o." Ọ̀gá mi orí. Kò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ìdí tó fi jẹ́ orí ló mì.

Lórí pèpéle, Oníná ya ẹnu. Ọ̀gá tẹ ọrùn síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà mi," ohùn náà jáde, ó mọ́ ketekete. "Mo bi yín léèrè, ẹ dá mi lóhùn, ẹ ṣeun. Bóyá ni ẹnìkan wà nínú yín tí kò gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí rí. Ẹni tó gbọ́ pọ̀. Ẹni tó fọwọ́ kàn án kò tó nǹkan. Àwọn tó ń bú u jù, bí mo bá ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń tàn án hàn mí, wọ́n á rántí pé àwọn ní aláìsàn."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan wo ilẹ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Ìyá mi kò ya ẹnu fún dókítà mọ́ nítorí amọ̀ tí wọ́n ní kó mí nímú sí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, ẹ sì ń ki amọ̀ lọ, torí kí wọ́n má baà rí yín níbi tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ lágbà." Ó na ọwọ́. "Ọ̀gá mi wà níbí. Wọ́n ní àwọn ti lò ó títí ó fi sú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá fi hàn wá."

Gbogbo orí yí padà. Ọ̀gá dìde. Èsì wà lọ́kàn rẹ̀, èsì tó ń jó bí ata: ọmọ àná, aláìmoore, ẹni tí mo tọ́. Ó fẹ́ ya ẹnu.

Ẹnu kò yà.

Ó tún un gbìyànjú. Eyín òkè ti wọ eyín ìsàlẹ̀, wọ́n mú ara wọn bí irin. Ohun tó gba imú rẹ̀ jáde kò ju "ùùn" lọ. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń fojú di ìpàdé ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú rẹ̀, àti òógùn, àti ọwọ́ tó fi ń fa páárì ara rẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, adùn irin, bí ẹni lá àgádágodo.

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yí gbirigbiri láàárín àga, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ Oníná.

Oníná bẹ̀rẹ̀, ó gbé e: eyín tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ó wo eyín iwájú tó dagun. Ó wo àlàfo ọ̀tún lẹ́yìn. Kò pẹ́ kankan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, òun nìkan ló wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá," ó wí, inú bíbí ti kúrò lóhùn rẹ̀, ohun tó kù sì burú jù ú lọ. "Ẹnu yín nìyí."

Ọ̀gá wo eyín náà: dídagun, jíjẹ pẹlẹbẹ, ẹnu ẹni tó ń jowú. Ẹni tó ti wo ẹnu gbogbo ìlú, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí tirẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn pátápátá, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aránṣọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò bo ohunkóhun mọ́. Ó ya ẹnu gbàgà, àlàfo iwájú àti gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oníná fi ọwọ́ kan etí kóòtù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ti ká roboto bí òrùka, ó sì gbóná.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" ó bi Ọ̀gá. "Ọ̀gá mi, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Ọ̀gá nìkan ló mọ̀. Wọ́n gbé ìwé fún un, wọ́n fi bírò sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Ó lè kọ ọ́. Yóò kọ pé ilé ìyàgbẹ́ ni. Wọn yóò bi í pé ta ló jù ú síbẹ̀, yóò kọ ìyẹn náà. Wọn yóò bi í pé ẹnu ta lo rò pé o ń tì, ìwọ tó kọ́ eyín nílé, tó kọ́ ọ lókè òkun.

Gbogbo àwọn tó kọ́ níṣẹ́ rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kọ ọ́, sà. Ọ̀rọ̀ kan péré."

Ọ̀gá Alámọ̀ dé bírò náà, ó fi sí àpò àyà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè, bí ẹni tí kò ní ohunkóhun láti sọ.